GPS á sọ ibi tí ẹ wà fún yín, ta ni yóò sọ ibi tí àwọn yòókù wà?

Bí òtútù bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Minnesota, Michigan àti Ontario báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ yìnyín máa ń gbé kiri: "GPS wo ni kí n rà?" Ẹ bi ọlọ́jà, á ka orúkọ mẹ́wàá fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi ẹni tó ti ń gun ọkọ̀ yìnyín tipẹ́, á ní tòun ló dára jù. Nígbẹ̀yìn, olúkúlùkù á ra èyí tí owó rẹ̀ ká, ènìyàn mẹ́fà á wọ inú igbó pẹ̀lú ẹ̀rọ oríṣi mẹ́fà, ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì ní gbọ́ èdè ara wọn.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ìbéèrè ẹni tó ń dá rìn ni àwọn tó ń kẹ́gbẹ́ rìn ń béèrè. Ẹni tó dá wà fẹ́ mọ ibi tó wà àti ọ̀nà tí yóò gbé e délé. Ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀lé ara wọn nínú igbó ní ìbéèrè tó le ju ìyẹn lọ: ẹni tó wà lẹ́yìn dà? Ẹ̀rọ tó lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kún ọjà fọ́fọ́. Èyí tó lè dáhùn ìkejì kò pọ̀, òun sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ọkọ̀ wo, ẹ̀rọ wo là ń wí?

Snowmobile ni mò ń pè ní ọkọ̀ yìnyín. À ń gùn ún bí alùpùpù, àmọ́ kò ní táyà. Sikí méjì ló wà níwájú tí a fi ń darí rẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í lọ. Joseph-Armand Bombardier ló gbé Ski-Doo jáde ní ìlú Valcourt, ní Quebec, lọ́dún 1959. Lónìí, Minnesota nìkan ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ yìnyín tó lé ní 22,000 máìlì. Nígbà ooru, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ló máa ń gun ATV, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń la ẹrẹ̀ àti àpáta kọjá níbi tí ọ̀dà kò dé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti yìnyín ló le jù, torí ẹni tó sọnù nínú ooru lè sùn sí abẹ́ igi di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹni tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti nu ojú akoto rẹ̀, kìlómítà mẹ́ta ti wọ àárín wọn. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe. Yìnyín tí ọkọ̀ iwájú ń tú sókè tún máa ń dí ojú ẹni tó tẹ̀lé e, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ rọ̀ mọ́ ìdí ẹnì kejì. Wọ́n á dé oríta, àwọn kan á yà sọ́tùn-ún, àwọn kan á yà sósì. Kò sí ìjà, kò sí ìjàǹbá, ẹgbẹ́ ti túká.

GPS alágbèéká wá ni ẹ̀rọ tó tó fóònù, tó ní máàpù, bátìrì àti èríàlì tirẹ̀, tí omi kì í tètè wọ̀, tí kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan kó tó mọ ibi tó wà. Garmin ló gba iwájú nínú ọjà yìí, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn á fi máa jáde nísàlẹ̀. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ṣé GPS máa ń sọ ibi tí mo wà fún ẹlòmíràn?

Rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbà gbọ́. Bí rédíò inú pálọ̀ ni GPS rí: ẹ̀yin ń gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ jókòó ti rédíò tàbí ẹ ti sùn lọ. Sátẹ́láìtì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ yín ń gbọ́, ó parí síbẹ̀. Ìyàwó ilé kò lè fi GPS lásán mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, ọlọ́pàá kò lè fi mọ̀ ọ́n, àwọn tó ṣe sátẹ́láìtì náà gan-an kò lè fi mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Sátẹ́láìtì GPS tí kò dín ní 24 ló ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ohun méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ṣáá: ibi tí mo wà nìyí, aago tó lù lọ́dọ̀ mi nìyí. Ẹ̀rọ ọwọ́ yín á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á fi mọ bí sátẹ́láìtì yẹn ṣe jìnnà tó. Tó bá gbọ́ mẹ́ta, ó yẹ kó ti mọ ibi tó wà. Àmọ́ aago inú ẹ̀rọ náà kò péye bíi ti sátẹ́láìtì, bó bá sì fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà, 300 mítà ni yóò fi ṣì yín lọ́nà. Sátẹ́láìtì kẹrin ló ń bá a tún aago rẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni ẹ̀rọ yín kì í fi tètè dáhùn nísàlẹ̀ àfonífojì tàbí lábẹ́ igi tó ṣú: kò tíì gbọ́ mẹ́rin.

Ológun Amẹ́ríkà ló ni ètò náà. Lẹ́yìn tí Soviet yin ọkọ̀ òfuurufú èrò ilẹ̀ Korea bọ́ lọ́dún 1983, Ààrẹ Reagan ṣèlérí pé gbogbo ayé á lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ti àwa ará ìlú jẹ́ díẹ̀, tó fi lè ṣìnà tó 100 mítà, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000 tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Lónìí, ẹ̀rọ tuntun ń gbọ́ sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà mọ́ ti Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ìró oríṣi méjì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kan náà kí àpáta àti igi má baà tàn wọ́n jẹ. Ọlọ́jà á fi èyí polówó títí. Ó dára, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń wá ara wọn kiri kò ní fi ìyàtọ̀ mítà mẹ́ta sí mẹ́jọ ṣe nǹkan kan. Ẹ má náwó síbẹ̀.

Kí ló wá lè fi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hàn mí?

Ohun kan tó ń sọ̀rọ̀ jáde gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú GPS tó ń gbọ́. Rédíò ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí.

Garmin ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Rino: GPS àti wọ́kì-tọ́kì nínú ara kan. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, tí ẹ sọ̀rọ̀, tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á fi nọ́ńbà ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ tẹ̀lé ohùn yín. Rino tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì á gbà á, á sì fi àmì kékeré kan pẹ̀lú orúkọ yín sórí máàpù tirẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, kò sí owó oṣooṣù.

Ìdíwọ́ wà níbẹ̀ o. Rino nìkan ló ń lóye nọ́ńbà tí Rino fi ránṣẹ́. Ẹni tó mú wọ́kì-tọ́kì lásán wá á gbọ́ ohùn yín kedere, ṣùgbọ́n kò ní rí yín lórí máàpù kankan. Ẹ̀wẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹ̀rọ máa fi ibùdó ránṣẹ́ láìdákẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 ni, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ní eré 60 kìlómítà, ọ̀rẹ́ yín ti lọ ìdajì kìlómítà kí àmì rẹ̀ tó sún lórí máàpù. Bó bá sì dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ibi tó ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni àmì náà á dúró sí, kò ní pòórá. Mo ti rí àwọn tó sáré padà lọ síbi àmì tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Fún àwọn tó ń gun ọkọ̀ ńlá tó ní ìjókòó àti òrùlé, Garmin gbé Tread jáde lọ́dún 2021. Ojú rẹ̀ tó ínṣì 5.5, ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, rédíò tó bá a wá lè fi ènìyàn tó tó 20 hàn lórí máàpù. Ó dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi sápò. Bí ọkọ̀ bá rì, Tread bá a lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Oríṣi rédíò méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà. FRS kò nílò láísẹ́ǹsì, agbára rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju wọ́ọ̀tì 2 lọ. Láti ṣánẹ́ẹ̀lì 8 sí 14, ìdajì wọ́ọ̀tì péré ni. GMRS lágbára jù ú lọ, òun ni Rino 700 fi ń lo wọ́ọ̀tì 5, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ FCC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó rédíò. Dọ́là 35 ni fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ìdánwò, ará ilé yín náà sì lè lò ó. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe ará ilé lójú òfin yìí, olúkúlùkù yóò gba tirẹ̀. Ní Kánádà, wọn kì í béèrè láísẹ́ǹsì fún GMRS, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀tì 2 ni òpin ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé rédíò wọ́ọ̀tì 5 sọdá láti Minnesota sí Ontario kó rántí dín agbára rẹ̀ kù.

Kí ló dé tí "máìlì 36" ara páálí fi di máìlì kan nínú igbó?

Torí pé rédíò irú èyí kì í yí òkè ká, ojú títọ́ ló ń rìn. Máìlì 36 tí wọ́n kọ sára páálí wà fún ẹni tó dúró lórí òkè gíga tó ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kò sí igi, tí kò sí ilé láàárín wọn. Lórí adágún odò tó ti di yìnyín, tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ènìyàn méjì bá di rédíò mú ní nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 10 ni wọ́n lè jìnnà síra kí yíyípo ayé fúnra rẹ̀ tó dí wọn lójú. Nínú igbó igi páínì tó ṣú, tàbí níbi tí òkè pọ̀ sí, máìlì kan sí méjì ni kí ẹ fọkàn sí.

Wọ́ọ̀tì tó pọ̀ á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀ láàárín igi, kò ní gbé ohùn yín kọjá òkè. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ju wọ́ọ̀tì lọ ni kí ẹ gun ibi gíga kí ẹ tó pè, tàbí kí ẹnì kan dúró láàárín kó máa gba ọ̀rọ̀ láti iwájú fún ẹ̀yìn. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Èyí yàtọ̀ sí GPS pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ara kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó wọn sí. Garmin inReach ń gbọ́ GPS láti mọ ibi tó wà, lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìyẹn ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Iridium, tó jẹ́ 66, tí wọ́n wà ní nǹkan bíi 780 kìlómítà sókè. Ó lè gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú lọ, kó sì gbé èsì wá, níbi tí fóònù ò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Bí ẹ bá tẹ SOS, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru á gbọ́, á sì pe àwọn olùdóòlà tó sún mọ́ yín. inReach Mini 2 kò ju 100 gíráàmù lọ. GPSMAP 67i àti Montana 700i ní máàpù ńlá àti inReach pọ̀. Owó àsansílẹ̀ wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí kò san owó yẹn, GPS lásán ló rà.

Ṣé inReach lè rọ́pò rédíò láàárín ẹgbẹ́? Ó lè máa fi ibùdó yín ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn ará ilé á sì máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Fún wọn, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní eré 60 kìlómítà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ ò lè fi ìyẹn mọ oríta tí ọ̀rẹ́ yín gbà. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni inReach wà fún.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń lọ sí orí òkè ní Colorado, Montana tàbí British Columbia. Kò sí GPS kankan tó lè wá ẹni tí òkìtì yìnyín ya lù mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn yàtọ̀, avalanche transceiver ni wọ́n ń pè é, orí ìró 457 kHz ló ń ṣiṣẹ́, ara ni wọ́n ń so ó mọ́ lábẹ́ ẹ̀wù. Fóònù, rédíò àti GPS yín sì lè dí i létí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà tí ẹ bá ń rìn, àti 50 nígbà tí ẹ bá ń wá ènìyàn.

Ṣé fóònù mi kò tó ni?

Fóònù ní GPS nínú, ó sì lè mọ ibi tó wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Máàpù ni kì í ní. Bí ẹ ò bá tíì wa máàpù agbègbè náà sórí rẹ̀ nílé, bọ́ọ̀lù búlúù kékeré kan lórí ojú funfun ni ẹ máa rí. Áàpù bíi onX Offroad àti Gaia GPS jẹ́ kí ẹ wà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ yín rí yín lórí áàpù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ni igbó kò ní.

iPhone 14 lọ sókè lè pe fún ìrànlọ́wọ́ gba ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Nǹkan ńlá ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ Apple fúnra wọn ló kọ ọ́ pé láti 0 sí 35 dígírì Celsius ni kí a máa lo fóònù náà. Bí òtútù bá dé dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo, fóònù tí ẹ fi há iwájú ọkọ̀ lè kú lójijì pẹ̀lú bátìrì tó pé ìdajì. Ẹ fi fóònù sínú àpò tó sún mọ́ àyà, kó jẹ́ ẹ̀rọ ìdúró-dè-mí, kó má ṣe jẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

Kí ni òtútù ń ṣe sí bátìrì àti sí ìka ọwọ́?

Inú bátìrì, kẹ́míkà ló ń ṣiṣẹ́, òtútù sì máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Agbára náà ṣì wà níbẹ̀, kò lè tètè jáde ni. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó kú nínú igbó á tún jí bó bá móoru nínú ilé. Afẹ́fẹ́ kò lè mú ẹ̀rọ tutù ju ojú ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú kó yára dé ibẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ kan, bíi eTrex 22x, ń lo bátìrì AA méjì tí ẹ lè ra níbikíbi. Ẹ má fi alkaline olówó pọ́ọ́kú sí i nígbà òtútù. Ẹ ra AA oní-lithium tí kì í gba ṣáàjì: òun ni wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ títí dé dígírì 40 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn ẹ̀rọ tuntun bíi GPSMAP 67 ní bátìrì tí wọ́n kàn mọ́ inú. Garmin ní ó lè lo wákàtí 180, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó dára sì ni ìyẹn. Kódà bí òtútù bá gé e sí ìdajì, ó ṣì pọ̀ ju ọjọ́ kan lọ dáadáa. Ẹ lè fà iná láti ara ọkọ̀ náà, àmọ́ ẹ rántí pé ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ gan-an ni ẹ máa nílò GPS jù, ọjọ́ yẹn sì ni iná ọkọ̀ ò ní sí.

Ní ti ìka ọwọ́, ẹ gbé ìbọ̀wọ́ yín tó nípọn lọ sí ìsọ̀. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi gbìyànjú láti pààmì sí ibi kan, kí ẹ sì sún máàpù mọ́lé. Ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì ńlá, bíi GPSMAP, á ṣe é. Montana tó jẹ́ olójú gílásì náà á ṣe é, wọ́n ṣe é fún ìbọ̀wọ́, ojú rẹ̀ sì tó ínṣì 5. Bí ẹ bá ní láti bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó lò ó, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ọwọ́ tó wà níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òtútù dígírì 25 sísàlẹ̀ òdo kò ní lè tẹ bọ́tìnì kankan mọ́.

Ṣé gbogbo ohun tí máàpù bá sọ ni ká gbà?

Máàpù á fi ibi tí ọ̀nà wà hàn yín. Kò ní sọ bóyá òfin gbà yín láyè níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Bobby Unser, awakọ̀ eré ìje tó ti gba Indianapolis 500 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gun ọkọ̀ yìnyín jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ààlà Colorado àti New Mexico. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́, ọkọ̀ kọṣẹ́, wọ́n sùn síta fún òru méjì kí wọ́n tó rí ibi forí pamọ́ sí. Wọ́n là á já. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé Unser lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó gun ọkọ̀ wọ igbó tí wọ́n ti fi òfin lé ẹ́ńjìnnì kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó san dọ́là 75. Awakọ̀ tó mọ eré sá tó bẹ́ẹ̀ o. Nítorí náà, máàpù tó bá fi ààlà irú igbó bẹ́ẹ̀ hàn kedere níye lórí ju máàpù ẹlẹ́wà lọ. Ní àríwá Minnesota, Boundary Waters, ọ̀kan nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ yìnyín tó dára, òfin sì ti lé ọkọ̀ yìnyín kúrò ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Adágún odò ni ìkejì. Lójú máàpù, ó tẹ́jú, ó funfun tàbí ó búlúù, ọ̀nà àbùjá ni. GPS kò mọ bí yìnyín orí omi ṣe nípọn tó. Àjọ tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì ní Minnesota ní yìnyín gbọ́dọ̀ tó ínṣì 4 kí ènìyàn tó fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ti ọkọ̀ yìnyín sì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ibùdó tí mo pè lórí rédíò gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ibòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí ó lè pa ènìyàn. Oríṣi ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kọ ibùdó kan náà ju ọ̀kan lọ. Ọ̀nà kan ń pín dígírì (ìwọ̀n tí a fi ń pín ojú ayé, kì í ṣe ti òtútù) sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú, bíi ti aago. Ọ̀nà kejì ń pín in sí ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá, bíi ti owó.

Ká ní ọkọ̀ yín kọṣẹ́. Ẹ̀rọ yín kọ ọ́ pé 47°30′, ẹ sì pè é lórí rédíò: "Mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọgbọ̀n." Ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ yín ń ka ti ìdá mẹ́wàá, ó sì tẹ 47.30 sí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ ìdajì dígírì, ìyẹn 47.50. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́wàá dígírì kan. Dígírì kan láti àríwá sí gúúsù jẹ́ nǹkan bíi 111 kìlómítà. Ọ̀rẹ́ yín ti forí lé ibi tó fi kìlómítà 22 jìnnà sí yín ní apá gúúsù, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá gbà yín.

Kí gbogbo yín jọ yan ọ̀nà kan ṣoṣo kí ẹ tó kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí. Nínú ètò ẹ̀rọ kan náà, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní datum, ìyẹn ìwọ̀n ayé tí máàpù náà dúró lé. Kí ti gbogbo yín jẹ́ WGS84. Máàpù bébà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń lo NAD27, ní àwọn ibì kan ìyàtọ̀ wọn sì lè tó 100 mítà. Bí ẹ bá ń lo Rino, ìdààmú yìí ò kàn yín rárá láàárín ara yín, torí ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Kí wá ni kí ẹ rà?

Ìdílé tàbí ọ̀rẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó máa ń jáde pọ̀ nígbà gbogbo: kí gbogbo wọn ní Rino kan náà. Tòkunbọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ tan án síta nínú òtútù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ sí.

Ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń yí padà kò lè fi agbára mú olúkúlùkù ra ẹ̀rọ kan. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí kálukú lo GPS tó bá ní, ó báà jẹ́ eTrex tàbí fóònù tó ní máàpù nínú, ṣùgbọ́n kí rédíò gbogbo yín jẹ́ irú kan náà, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà. Owó tí ẹnì kan ì bá fi ra ẹ̀rọ olówó iyebíye tí òun nìkan máa wò, ẹ dá a jọ fi ra inReach méjì fún ẹgbẹ́. Àwọn tó ń gun ọkọ̀ ńlá tó ní ìjókòó àti òrùlé ni mo lè sọ fún pé kí wọ́n ra Tread láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó dá wà, tí kì í bá ẹgbẹ́ rìn? inReach ni, àti máàpù tó dára. Kò nílò rédíò, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa pín wọn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó wà níwájú pẹ̀lú máàpù tó dára jù. Àṣà àwọn kan ni pé kí olórí náà ló kó gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá dání. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni ìkẹyìn ló máa bá ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú tàbí tó kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni rédíò tó lágbára jù àti inReach yẹ kó wà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni inReach yín, kó fi sínú àpò ẹ̀wù tó wọ̀ sára, kì í ṣe sínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, torí ọkọ̀ lè já wọ inú adágún odò, kó kó àpótí náà lọ.